Bí Ẹ̀rọ Ṣe Kọ́ Ìlù Lílù

Nínú gbogbo ohun èlò orin tí ọmọ aráyé ń lò, ìlù ni ó súnmọ́ ara ènìyàn jù lọ. Apá ni ó ń lù ú, ẹsẹ̀ ni ó ń dá a lóhùn. Bí ẹ̀rọ bá dún bí fèrè, etí lè gbà á. Bí ó bá dún bí dùùrù, ẹni tí kò fara balẹ̀ lè má mọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá ń lu ìlù, kì í pẹ́ rárá tí ẹsẹ̀ oníjó yóò fi mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó jókòó sí ìdí rẹ̀. Ohun tí ó lù ní àárọ̀ ni yóò lù ní alẹ́; bí ó ṣe lù ú fún ọba náà ni yóò lù ú fún ẹrú.

Ìtàn ẹ̀rọ ìlù ni mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí, ìyẹn ẹ̀rọ tí a ń to ìlù sí nínú, tí yóò sì máa lù ú fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ìtàn bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́ tàbí bí wọ́n ṣe ń tà á ni mo ń lépa. Ìtàn ìbéèrè kan ṣoṣo ni: kí ni ènìyàn ní láti fi kún ìlù ẹ̀rọ kí ó tó lè mí, kí ó tó lè rìn, kí ó má baà sú etí? Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ òkèèrè ti ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí. Èrò tèmi ni pé ọ̀nà tí wọ́n tọ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ já sí, ibẹ̀ ni àwọn àyàn ilẹ̀ wa sì ti ń gbé láti ìgbà láéláé. Ẹ̀mí ìlù kò sí nínú àṣìṣe ọwọ́. Inú àìdọ́gba tí ó ní ìlànà ni ó wà, àti inú ọ̀rọ̀ tí ìlù kan ń bá èkejì rẹ̀ sọ.

Òṣùwọ̀n tí a ó lò

Kí a tó lè sọ pé ìlù ẹ̀rọ kù díẹ̀ káàtó, ó yẹ kí a ní ohun tí a ó fi wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀wọ́ ìlù dùndún. Gúdúgúdú ni ó kéré jù nínú wọn. Ọrùn ni onílù ń fi kọ́, awọ ni ó sì fi ń nà án. Kì í sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó mú àkókò dání, kí ó máa sọ ohun kan náà ní àsọtúnsọ títí ijó yóò fi parí. Kẹríkẹrì, ìṣáájú àti kànnàngó náà ní ìpín tiwọn, ìyípadà wọn kò sì pọ̀. Ìyáàlù nìkan ni ó lómìnira. Òun ni ń kí ènìyàn, òun ni ń pe oríkì, òun ni ń pa òwe. Bí onílù ti ń fún ọsán rẹ̀ mọ́ra ni ohùn rẹ̀ ń ròkè. Bí ó ti ń tú u sílẹ̀ ni ohùn ń rọlẹ̀.

Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò sọ pé gúdúgúdú sú òun nítorí pé kò yí padà. Ìdí ni pé àìyípadà rẹ̀ ni ó jẹ́ kí a gbọ́ ìyípadà ìyáàlù. Bí gbogbo ìlù bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo ọjà ni yóò dà. Bí gbogbo wọn bá sì dúró sí ojú kan, ìró ọlọ ata ni yóò dà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ìlànà yìí bá àwọn ènìyàn wa ré kọjá òkun. Ní Kúbà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú ti tún ìlù bàtá ṣe, ìlù mẹ́ta ni wọ́n ń lò: okónkolo, itótele àti iyá. Okónkolo ń mú àkókò dání, iyá ń ṣáájú, ó ń pe àwọn yòókù, itótele sì ń dá a lóhùn. Àyàn gan-an bá wọn débẹ̀, wọ́n ń pè é ní Añá.

Láti inú àkíyèsí yìí, ohun mẹ́ta ni a lè fi wọn ìlù kí a mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Èkíní ni ipò, ìyẹn ìgbà tí igi kan awọ gan-an, bóyá ó yá díẹ̀ tàbí ó fà sẹ́yìn díẹ̀. Èkejì ni ìwúwo, nítorí pé gbogbo ìlù kọ́ ni a ń fi agbára kan náà lù. Ẹ̀kẹta ni ìfèsì, ìyẹn bí ìlù kan ṣe ń yí padà nítorí ohun tí òmíràn tàbí oníjó ṣe. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ̀rọ ní láti kọ́, kò sì kọ́ ọ ní ọjọ́ kan.

Ìgbà tí ẹ̀rọ kàn ń tún ọ̀rọ̀ sọ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, Henry Cowell, olórin ará Amẹ́ríkà, bẹ Léon Theremin, onímọ̀ ẹ̀rọ láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà, pé kí ó bá òun ṣe ẹ̀rọ kan tí yóò lè lu àwọn ìlù tí ọwọ́ ènìyàn kò lè lù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Rhythmicon ni orúkọ ẹ̀rọ náà. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì kìíní, yóò lù lẹ́ẹ̀kan láàárín àkókò kan. Bí a bá tẹ ìkejì, yóò lù lẹ́ẹ̀mejì láàárín àkókò kan náà, títí dé ìkẹrìndínlógún. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé kì í ṣe pé Cowell fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ onílù. Ohun tí ó ré kọjá agbára onílù ni ó ń wá. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ náà ti gbọ́n tó nínú ìṣirò, gbogbo ìlù rẹ̀ ni ó dọ́gba.

Ní òpin àwọn ọdún 1940, Harry Chamberlin ní ìpínlẹ̀ California gba ọ̀nà mìíràn. Ó gba ìlù tí ènìyàn lù sílẹ̀ sórí téèpù, ó so orí téèpù náà mọ́ ìdí rẹ̀, kí ó lè máa yí po láìdúró. Ìlù ènìyàn gidi ni ó ń dún níbẹ̀ lóòótọ́, pẹ̀lú ipò rẹ̀ àti ìwúwo rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá gbọ́ ìyípo kan ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ̀kọ́ pàtàkì kan wà nínú èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tètè rí: bí a bá mú ìlù alààyè, tí a sì ń tún un sọ láìyí i padà, yóò di òkú bí a ti ń gbọ́ ọ.

Ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ Wurlitzer gbé Sideman jáde. Àpótí ńlá ni, àwo kan sì ń yí nínú rẹ̀. Bí àwo náà ti ń yí ni ó ń kan àwọn ojú iná tí ń mú kí ìlù dún. Oríṣi ìlù ijó méjìlá ni ó wà nínú rẹ̀, a sì lè mú un yára tàbí kí a dẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ní ilẹ̀ Jàpáánù, Ikutaro Kakehashi, ẹni tí ó wá dá ilé iṣẹ́ Roland sílẹ̀ ní ọdún 1972, ṣe Rhythm Ace FR-1 ní ọdún 1967. Ìlù mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ti tò sínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Hammond sì fi í sínú àwọn dùùrù tiwọn, kí ẹni tí ó bá ń tẹ dùùrù nínú ilé rẹ̀ lè rí onílù tí yóò bá a lù.

Ní àsìkò yìí, ipò ìranṣẹ́ ni ẹ̀rọ ìlù wà. Kò sí ẹni tí ó retí pé kí ó sọ ohun kan. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1971, Sly Stone àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí ìdí orin wọn tí ń jẹ́ Family Affair, orin náà sì gòkè dé ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Láti ọjọ́ náà ni ó ti hàn pé ìlù ẹ̀rọ lè wà láàárín orin ńlá, bí olórin bá mọ ohun tí ó yẹ kí ó fi yí i ká.

Ìwúwo àti ipò

Ohun tí ó kọ́kọ́ yí ọ̀rọ̀ padà ni pé wọ́n fún ẹni tí ó ra ẹ̀rọ ní àṣẹ láti to ìlù tirẹ̀. CR-78 ti ilé iṣẹ́ Roland, tí ó jáde ní ọdún 1978, ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà kékeré tí ó lè fi ìlù tí a bá tò pamọ́. Ó tún lè dá ìyípadà kékeré sí ìlù náà lẹ́yìn iye ìyípo tí a bá yàn fún un. Phil Collins lo ẹ̀rọ yìí nínú In the Air Tonight ní ọdún 1981. Ẹ̀rọ náà nìkan ni ó ń lù fún ohun tí ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí onílù gidi tó já wọlé pẹ̀lú agbára. Ohun tí gúdúgúdú ń ṣe fún ìyáàlù ni ẹ̀rọ ṣe fún ènìyàn nínú orin yẹn. Ìdúró sójú kan rẹ̀ ni ó sọ ìwọlé onílù di ohun tí a kò lè gbàgbé.

Lẹ́yìn èyí ni TR-808 dé ní ọdún 1980. A pín ìyípo kan sí àyè mẹ́rìndínlógún, àyè kọ̀ọ̀kan sì ní bọ́tìnnì tirẹ̀. Ẹni tí ó ń tò ó lè yan àwọn àyè tí ìlù yóò ti wúwo ju ti àwọn yòókù lọ. Ohun kékeré ni èyí lójú, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ ńlá ni. Bí a bá ní ìlù mẹ́rin tí ó dọ́gba, tí a sì fi agbára lu ìkejì àti ìkẹrin, ẹsẹ̀ oníjó yóò yí padà láìjẹ́ pé a fi ìlù kan kún un tàbí pé a yọ ọ̀kan kúrò. Ìwúwo nìkan tó láti dá ìrìn sílẹ̀. Nǹkan bí 12,000 ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó dá a dúró ní ọdún 1983.

Ní ọdún 1980 kan náà ni Roger Linn, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ta gìtá ní California, gbé LM-1 jáde. Òun ni ẹ̀rọ ìlù àkọ́kọ́ tí ó ń lo ohùn ìlù gidi tí a gbà sílẹ̀ ní ọ̀nà ti kọ̀ǹpútà. Iye rẹ̀ ga, nǹkan bí 5,000 dọ́là, ìdí nìyí tí kò fi ju nǹkan bí 500 lọ tí wọ́n ṣe. Prince wà lára àwọn tí ó fi í ṣe orin, When Doves Cry ti ọdún 1984 sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, kì í ṣe ohùn ìlù gidi yẹn ni ẹ̀bùn Linn tí ó tóbi jù. Ohun tí ó ṣe sí ipò ìlù ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ti lè ṣe é. Mú àyè ìlù méjì tí ó tẹ̀ léra wọn. Bí a bá pe gbogbo àkókò tí méjèèjì ní ní 100, ẹ̀rọ tí kò mọ nǹkan kan yóò pín in sí 50 àti 50. Ìlù rẹ̀ yóò máa lọ ganranjan bí ológun. Linn jẹ́ kí a lè fa ìlù kejì sẹ́yìn díẹ̀, kí ìpín náà di 54 àti 46, tàbí 58 àti 42, tàbí 62 àti 38. Bí ó bá dé nǹkan bí 66 àti 34, a ó gbọ́ ọ bí ẹni pé a pín àkókò sí mẹ́ta, tí ìlù kìíní gba méjì, tí ìkejì sì gba ọ̀kan. Swing ni àwọn olórin Amẹ́ríkà ń pe ìfàsẹ́yìn yìí, àwọn onílù jáàsì sì ti ń fi ọwọ́ ṣe é kí a tó bí Linn. Ohun tí Linn rí ni pé àìdọ́gba wọn kì í ṣe àṣìṣe. Ó ní ìwọ̀n, ìwọ̀n náà sì ṣeé kọ sílẹ̀. Láàárín 50 àti 66, ibi tí kò sí orúkọ fún nínú ìwé orin òyìnbó, ni ijó púpọ̀ fara pamọ́ sí.

Ẹ̀rù àwọn onílù

Kò yẹ kí a sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ayọ̀ nìkan ni ó mú wá. Ní ọdún 1982, ẹ̀ka ẹgbẹ́ àwọn olórin tí ó wà ní àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ́nù gbé àbá kan kalẹ̀ pé kí a fi òfin de àwọn ẹ̀rọ orin oníná àti ẹ̀rọ ìlù, nítorí pé wọ́n ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn olórin. Àwọn ènìyàn fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Ẹni tí ó ti lo ogún ọdún láti kọ́ ìlù, tí ó wá rí àpótí tí kì í jẹun, tí kì í sùn, tí kì í bèèrè owó, kò ṣàìní ìdí láti bẹ̀rù.

Ní ọdún náà gan-an ni orin méjì jáde tí ó fi hàn pé ẹ̀rọ kò ní láti fara wé ènìyàn kí ó tó wúlò. Afrika Bambaataa àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi TR-808 ṣe Planet Rock ní New York, wọn kò sì fi pamọ́ rárá pé ẹ̀rọ ni. Marvin Gaye fi TR-808 kan náà ṣe Sexual Healing nígbà tí ó ń gbé ní ìlú Ostend ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ohùn rẹ̀ sì rìn yí ìlù tí kò mì náà ká bí omi tí ń ṣàn yí òkúta ká. Nínú orin Gaye, ẹ̀rọ ni òkúta, ohùn ènìyàn ni omi. Ìpín iṣẹ́ tí a rí nínú ọ̀wọ́ dùndún náà nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó pè é bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Detroit tí ó kọ̀ kí ẹ̀rọ tún ọwọ́ òun ṣe

Linn tún bá ilé iṣẹ́ Akai ti ilẹ̀ Jàpáánù ṣe MPC60 ní ọdún 1988. Pátákó mẹ́rìndínlógún ni ó wà lójú rẹ̀, ìka ni a sì fi ń lù wọ́n. Bí a bá fi agbára lù ú, ohùn rẹ̀ yóò le. Bí a bá rọra lù ú, yóò rọ̀. Báyìí ni ọwọ́ ènìyàn ṣe padà sórí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ní àṣà kan: bí ọwọ́ bá ṣìnà díẹ̀, yóò fa ìlù náà wá sí àyè tí ó súnmọ́ ọn jù, yóò tún un ṣe láìbèèrè.

James Yancey, tí gbogbo ayé mọ̀ sí J Dilla, ni wọ́n bí ní Detroit ní ọdún 1974. Ó mọ̀ dájú ibi tí ó yẹ kí ẹ̀rọ ti tún ọwọ́ òun ṣe àti ibi tí kò yẹ. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ìlù ńlá tí a ń fi ẹsẹ̀ lù á máa fà bí ẹni tí oorun ń kùn, ìlù tí ń dún pàá á yára dé ṣáájú àkókò rẹ̀, àwo idẹ á sì máa lọ ní ìrìn tirẹ̀. Dan Charnas, nínú ìwé tí ó kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 2022, ṣàlàyé pé ohun tí Dilla ṣe ni pé ó fi àkókò tí ó dọ́gba àti àkókò tí ó fà sínú orin kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n lè máa bá ara wọn jà. Àwọn tí kò fetí sílẹ̀ dáadáa pè é ní ọ̀mùtí. Ṣùgbọ́n ọ̀mùtí kì í ṣubú sí ojú kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ibi tí Dilla fi ìlù rẹ̀ sí ní ìyípo kìíní ni ó wà ní ìyípo kejì. Àìdọ́gba náà ní ìlànà.

Dilla kú ní oṣù kejì ọdún 2006, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí ó pé ọmọ ọdún 32, ọjọ́ ìbí rẹ̀ náà sì ni àwo orin rẹ̀ tí ń jẹ́ Donuts jáde. MPC tí ó ń lò wà nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìtàn àwọn ọmọ Áfíríkà-Amẹ́ríkà ní Washington báyìí. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn rẹ̀ ni pé àwọn onílù gidi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọn yóò ṣe lu ìlù bíi ti ẹ̀rọ Dilla. Ahmir Thompson, tí a mọ̀ sí Questlove, lù bẹ́ẹ̀ nínú àwo orin D'Angelo tí ń jẹ́ Voodoo ní ọdún 2000. Ẹ̀rọ tí ó wá kọ́ ìṣe ènìyàn ni ènìyàn wá ń kọ́ ìṣe rẹ̀ yìí.

Kì í ṣe kí a kàn da ìlù rú

Nígbà tí kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ ẹ̀rọ ìlù, àwọn tí ń ṣe ètò rẹ̀ fi bọ́tìnnì kan sí i tí wọ́n ní yóò sọ ìlù di ti ènìyàn. Ọ̀nà rẹ̀ rọrùn: kọ̀ǹpútà á ta ayò, á wá ti ìlù kan síwájú díẹ̀, á fa òmíràn sẹ́yìn díẹ̀, láìní ìdí. Èrò tí ó wà lẹ́yìn èyí ni pé ohun tí ó ya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rọ ni àṣìṣe.

Ìwádìí tí Holger Hennig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde láti ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 2011 fi hàn pé èrò yìí kò tó. Wọ́n wọn ìlù àwọn onílù gidi, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ onílù láti ilẹ̀ Gánà. Ìyapa wọn kúrò lójú àkókò kéré gan-an, nǹkan bí 10 sí 20 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n ìyapa náà kì í ṣe ti ayò títa. Bí ìlù kan bá pẹ́ díẹ̀, pípẹ́ náà ní ẹbí nínú àwọn ìlù tí ó ti kọjá tipẹ́ àti nínú àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n wá fún àwọn olùgbọ́ ní oríṣi méjì, àwọn olùgbọ́ yan èyí tí ìyapa rẹ̀ ní ẹbí ju èyí tí a kàn dà rú lọ. Etí mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ń rántí ohun tí ó lù àti ẹni tí kò rántí nǹkan kan.

Tony Allen àti ẹ̀rọ

Ìfèsì ni ó kù, òun ni ó sì ṣòro jù. Fún èyí, ọmọ Èkó ni mo fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí. Tony Ọládipọ̀ Allen, tí a bí ní ọdún 1940, ni ó lu ìlù fún Fẹlá láti ọdún 1964 títí di òpin àwọn ọdún 1970. Ohun tí àwọn onílù ayé kan sáárá sí lára rẹ̀ ni pé ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì rẹ̀ a máa sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀wọ́ ìlù kan odidi ni òun nìkan.

Ní ọdún 2018, òun àti Jeff Mills, ọ̀kan nínú àwọn àgbà orin techno ní Detroit, gbé Tomorrow Comes the Harvest jáde. Mills kì í to ìlù sínú TR-909 rẹ̀ tán nílé kí ó tó wá. Ojú agbo ni ó ti ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, tí ó ń yọ ìlù kan, tí ó ń fi òmíràn sí i, bí Allen ti ń lù. Allen ń gbọ́ ẹ̀rọ, Mills ń gbọ́ Allen. Bí a bá fi ojú àyàn wò ó, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yéni: ẹ̀rọ di gúdúgúdú, Allen di ìyáàlù, Mills sì ni ọwọ́ tí ń mú kí gúdúgúdú mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́. Allen kú ní ìlú Paris ní oṣù kẹrin ọdún 2020. Iṣẹ́ yìí jẹ́ ẹ̀rí pé ẹ̀rọ ìlù kì í ní ìfèsì fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó wà nídìí rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ fèsì fún un.

Ohun tí ó kàn wá nílé

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òkèèrè nìkan. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ́kọ́ pè ní FruityLoops, tí ó di FL Studio lẹ́yìn náà, jáde láti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ní ọdún 1997, ó sì ti di irinṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ń ṣe orin ní Èkó àti ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ti ròyìn orúkọ wa kárí ayé, mo sì kan sáárá sí wọn. Ohun kan ni ó ń kọ mí lóminú, ìyẹn bí gángan ṣe ń wọ inú ẹ̀rọ yìí.

Bí a bá gba ohùn gángan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí a wá ń tẹ̀ ẹ́ nígbàkígbà tí orin bá fẹ́ dún bí ti ilé, ohùn ni a mú, a kò mú ọ̀rọ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé ẹni tí kò gbọ́ èdè lè fẹ́ kí ó má sú etí, kí ó wá ní kí kọ̀ǹpútà máa gbé ohùn rẹ̀ sókè, kí ó máa gbé e wálẹ̀ bí ó bá ti wù ú. Fún ìlù òyìnbó, ẹwà ni èyí lè jẹ́. Fún gángan, ìsọkúsọ ni. Ohùn àárín méjì ni ọkọ, ẹni tí ó fẹ́ ìyàwó. Bí èkejì bá ròkè, ó di ọkọ́ tí a fi ń roko. Bí èkejì bá rọlẹ̀, ó di ọkọ̀ tí a ń wọ̀. Bí méjèèjì bá rọlẹ̀, ó di ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun. Onílù tí ń kí ọkọ ìyàwó kò lè fi ayò yan èyí tí yóò lù. Ìyípadà ohùn ìyáàlù kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ìtumọ̀ ni ó ń yí i padà.

Nítorí náà, àbá tí mo ní fún àwọn ọmọ wa tí ń to ìlù sínú kọ̀ǹpútà kò ju mẹ́ta lọ. Kí wọ́n jẹ́ kí ìlù kan dúró, kí òmíràn lè rìn. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ìlù má dọ́gba, kí wọ́n mọ ìdí tí kò fi dọ́gba, kí wọ́n sì dúró lórí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Detroit ti ṣe. Níbi tí ó bá sì ti kan ìlù tí ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n pe àyàn wá, kí ó jókòó tì wọ́n, kí ó gbọ́ ohun tí orin náà ń sọ, kí ó tó fi ìlù dá a lóhùn. Kí wọ́n sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Bí a kò bá ṣe èyí, ohùn gángan yóò kún inú kọ̀ǹpútà wa, a kò sì ní rí ẹni tí yóò gbọ́ ohun tí ó ń wí mọ́.

Àwọn àgbà ní bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. Ìlù ẹ̀rọ kì í ya, ibẹ̀ sì ni agbára rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ohun tí kò lè ya kò lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó sinmi. Ènìyàn ni yóò máa sọ fún un.